Ìṣúná

Lọ́dọọdún, nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, tí gómìnà tàbí ààrẹ bá gbé ìwé owó tí ìjọba fẹ́ ná lọ síwájú àwọn aṣòfin, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn oníròyìn wa máa ń lò lórí rédíò: ètò ìṣúná. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lára débi pé a kì í bèèrè ibi tí ó ti wá. Kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba ni a ti bí i. Ilé ìdáná ni ilé rẹ̀, lẹ́nu obìnrin tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tí ọjọ́ tí yóò fi ná an sì gùn. Ẹni tí ó ń ṣún owó ná ni ẹni tí ó ń mú un díẹ̀díẹ̀, tí ó ń wo iwájú, tí ó ń wo ẹ̀yìn, kí ó tó tú etí aṣọ tí ó dì í sí. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ahun. Ahun ní owó, kò fẹ́ ná an. Ẹni tí ó ń ṣún owó ná fẹ́ ná an, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ó dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ná fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Òun ni a fi ń ná owó, òun náà ni a fi ń ná ọjà; ẹni tí kò bá mọ ọjà ná, kò lè mọ owó ná. Bí Yorùbá bá sì sọ pé ẹnì kan ní ìnáwó lọ́la, kì í ṣe owó ata ni ó ń wí. Òkú àgbà ni, tàbí ìgbéyàwó, tàbí ìsọmọlórúkọ, tàbí oyè jíjẹ. Owó ojoojúmọ́ kò ní orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀. Owó ọbẹ̀ lásán ni. Owó ọbẹ̀ yìí ni mo fẹ́ pa ìtàn rẹ̀, nítorí pé a ti pa ìtàn ọba, a ti pa ìtàn ogun, a kò sì pa ìtàn ohun tí àwọn ọba àti àwọn jagunjagun jẹ kí wọ́n tó jáde nílé. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé láyé àtijọ́, ìdílé kì í ṣún owó ná ní òun nìkan. Agbo ilé ń ṣún un, àdúgbò ń ṣún un, ọjà ń ṣún un. Díẹ̀díẹ̀ ni a ti iṣẹ́ náà sínú ìkòkò ọbẹ̀ obìnrin kọ̀ọ̀kan, tí a sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé láyé àtijọ́ ọkọ ni ó ń bọ́ aya. Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Oko ni iṣu àti àgbàdo ti ń wá, ọkọ ni ó sì ń pèsè wọn. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ra iyọ̀, ata, irú àti ẹja, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó sì ń mú nínú èrè òwò tirẹ̀ fi kún owó ọbẹ̀ tí ọkọ fi sílẹ̀, bí ọkọ bá tilẹ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀. Owó aya kì í ṣe owó ọkọ. Bí ọkọ bá yá a, gbèsè ni, yóò san án. Nítorí náà, àpò méjì ni ó ń bọ́ ilé kan, kò sì sí ẹni tí ó mọ iye tí ó wà nínú méjèèjì. Àwọn tí wọ́n kàwé nínú wa a máa ka èyí sí àìfinútánni. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Bí oko ọkọ kò bá ṣe dáadáa lọ́dún kan, àpò kejì ṣì wà nílẹ̀.

Òwò yìí ni kò jẹ́ kí obìnrin Yorùbá ráyè jókòó ti àdògán. Ìdájí ni yóò ti gbé igbá lérí. Ta ni yóò wá dá iná òwúrọ̀? Ẹnì kan ni ó ń dá a fún gbogbo àdúgbò. Àkàrà, ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀, ẹ̀wà sísè, gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn tó yọ. Ní alẹ́ ẹ̀wẹ̀, bákan náà ni. T. J. Bowen, ajíhìnrere Bàtíìsì tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1857, ṣe àpèjúwe ọjà alẹ́ wa, bí fìtílà àwọn obìnrin ti ń tàn káàkiri bí ìràwọ̀. Ohun tí ó rí dára lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò ìṣúná ni ó ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ ṣe ìṣirò. A ó rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. A ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kí ògì rẹ̀ sílẹ̀, a ó gbé omi kaná, a ó rò ó títí yóò fi jinná, a ó wá máa fi ewé pọ́n ọn níkọ̀ọ̀kan. Bí ogójì ìyàwó ilé bá wà ní àdúgbò kan, tí olúkúlùkù sì fẹ́ ṣe tirẹ̀, ogójì iná ni yóò jó, ogójì ẹrù igi ni wọn yóò ṣẹ́, ogójì obìnrin ni kò ní lè dé ọjà kí ọjà tó kún. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣe é fún wọn. Èèrí rẹ̀ di oúnjẹ ewúrẹ́, omidun rẹ̀ di omi àgbo, kò sí ohun tí ó ṣòfò. Ẹlẹ́kọ jèrè, síbẹ̀ ẹ̀kọ rẹ̀ ṣì dínwó ju èyí tí a bá dá sè nínú ilé lọ, bí a bá ka wákàtí obìnrin mọ́ owó tí a ná. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: àwọn ìyá wa máa ń ka wákàtí mọ́ ọn. Bí gààrí ti gbilẹ̀ láàárín wa kò yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni ó gbà pé àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó mú kí ọ̀nà yíyan gààrí tàn ká. Lẹ́yìn tí a bá ti yan án, kò tún bèèrè iná mọ́. Omi tútù ti tó o.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé gbogbo ìṣúná àwọn baba wa ni ó dára. Ẹran inú ọbẹ̀ kò kárí; ti baálé ni ó tóbi jù, ti ọmọdé ni ó kéré jù, ẹni tí ó sè é sì lè jẹ́ ẹni tí kò rí nǹkan kan bí kò ṣe omi ọbẹ̀. Ó tún ku ọ̀rọ̀ ẹyin. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin tàbí ẹran ńlá jẹ yóò di olè. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́, n kò sì rí olè kankan nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni ìṣirò owó. Ẹyin tí a kò jẹ ni òròmọdìẹ, òròmọdìẹ ni àgbébọ̀ adìẹ, àgbébọ̀ sì ni owó iyọ̀ àti owó aṣọ. Nítorí pé ọmọdé kò lè mọ ìṣirò, a fi ìwà rere bò ó fún un. Ẹ̀tàn náà ṣiṣẹ́ fún àpò ìyá, ṣùgbọ́n ara ọmọ ni ó san owó rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà ní ọ̀rúndún ogún ń kọ́ àwọn ìyá pé kí wọ́n fún ọmọ ní ẹyin àti ẹ̀wà, àìmọ̀kan nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá jà. Ètò ìṣúná kan tí ó ti dàgbà ju wọ́n lọ ni wọ́n ń bá jà.

Kí ni a wá ń ṣe pẹ̀lú owó tí a bá rí ṣẹ́kù? A máa ń dá a ní èésú. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn tí ó ti kú, mẹ́nu bà á; William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó gbé Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, sì kọ odindi àròkọ lé e lórí ní ọdún 1952. Àwọn tí a kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun: àwọn ará Trinidad ń dá a títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é. Iye kan náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, ẹnì kan ni ó ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Àjọ yàtọ̀ díẹ̀: alájọ ni ó ń yí ká gba tiwa lójoojúmọ́, tí ó sì ń dá a padà ní òpin oṣù, owó ọjọ́ kan ni yóò sì yọ fún ara rẹ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí ni òkìkí alájọ Ṣómólú ti jáde, ẹni tí àwọn ará Èkó fi ń ṣe àkàwé orí pípé, tí wọ́n ní ó ń gba àjọ láìkọ ọ́ sínú ìwé, tí ó sì ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Wọ́n máa ń fi mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ yẹn rẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa wọ inú kọ̀rọ̀ àti ẹsẹ̀ kùkù ilé, kí ni yóò fi mọ́tò ṣe?

Ibi tí owó èésú ń lọ ni ó ń kọ mí lóminú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ di owó òwò, díẹ̀ di owó ilé ìwé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń bá ìnáwó lọ. A ó fi odidi ọdún jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́, a ó wá fi ọjọ́ kan pa màlúù. Aṣọ ẹbí tí a kò ní wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ gba owó ẹja oṣù mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá ná an fún ará ilé rẹ̀, kò ní rí ẹni tí yóò bá a ná tirẹ̀, nítorí náà n kò lè pè é ní ìwà òmùgọ̀. Àwìn ni, gbèsè ọlá ni. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ọmọ ni a ti ń yọ ọ́.

Owó fúnra rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú ìṣúná. Nígbà tí à ń ná owó ẹyọ, ogójì ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Òǹkà yìí tóbi lókè, ṣùgbọ́n ó ṣe é fọ́ sí wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, ó sì tó ra ata tí yóò to ìkòkò kan. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n ṣe ọ̀níní, mẹ́wàá rẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè sì wà lókè rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, a pààrọ̀ pọ́n-ùn sí náírà, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kì í sábà sọ. Ọgọ́fà kọ́bọ̀ àtijọ́ ni ó wà nínú ṣílè mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ tuntun ni ó sì wà nínú náírà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tí ó bá ra àkàrà kọ́bọ̀ kan ní ìparí ọdún 1972, tí ó sì tún ra irú rẹ̀ ní kọ́bọ̀ kan ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ti fi ìdá kan nínú márùn-ún kún owó rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu ọjà lé. Lónìí kọ́bọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wa, ó ku orúkọ rẹ̀.

Ìgbà tí ìjọba kọ́kọ́ na ọwọ́ gbangba sínú ìkòkò ọbẹ̀ wa ni ìgbà ogun Hítílà. Ọjà gbówó lórí ní Èkó, iyọ̀ di ohun tí à ń wá kiri. Ìjọba wá yan òyìnbó kan, Captain A. P. Pullen, láti máa dá iye tí a ó ta oúnjẹ, gààrí pẹ̀lú. Lórí ìwé, ètò náà dára: iye kan, fún olówó àti tálákà. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n dá kò bá iye tí àwọn alájàpá ń fi ra gààrí lóko àti owó tí wọ́n fi ń gbé e wọ Èkó mu. Gààrí sì pòórá lórí àtẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò lọ rà á ní kọ̀rọ̀, ní iye tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alimotu Pẹlẹwura, ẹlẹ́ja ọjà Eréko, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí kò ka ìwé kankan, ni ó kọjú ìjà sí ètò náà títí tí ìjọba fi jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 1945. Ohun tí ó mọ̀ tí Pullen kò mọ̀ ni pé ọjà ni ilé ìdáná gbogbo ìlú. Bí a bá pa iná rẹ̀, iná ilé yóò kú.

Ọdún 1945 yìí kan náà, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀, Michael Imoudu sì wà lára àwọn tí ó ṣíwájú wọn. Wọ́n ní kí ìjọba fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n ọjà tí ó ń san fún wọn, kí owó iṣẹ́ ọjọ́ kan má sì dín ní ṣílè méjì àti sísì. Ìyanṣẹ́lódì náà ju oṣù kan lọ. Nínú ìwé ìtàn, orúkọ àwọn ọkùnrin ni ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba owó oṣù fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó di dandan kí ẹnì kan ti máa bọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ náà. Àpò kejì tí mo sọ níṣàájú ni ó jẹ́ kí wọ́n lè dúró.

Lẹ́yìn ogun, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilé ìwé, wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, wọ́n sì kọ́ wọn pé ìyàwó rere ni èyí tí ó ń sè é fúnra rẹ̀, tí ó ń kọ owó tí ó ná sínú ìwé, tí kì í ra oúnjẹ ìta. Tọkọtaya kúrò ní agbo ilé, wọ́n gba fúláàtì. Sítóòfù kan, ìkòkò kan, ilẹ̀kùn kan. Obìnrin náà sì tún ń lọ sí ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ. Ìmọ̀ràn pé kí a má ra oúnjẹ ìta dára fún àpò nígbà mìíràn. N kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó ń ka náírà, tí kò ka wákàtí, ìdajì ìṣirò ni. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀, a kò tètè mọ̀ ọ́n lára. Owó Údójì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ọjà sì tẹ̀ lé owó náà gòkè.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1982 ni ìjọba Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí kéde pé owó ti tán, kí gbogbo wa máa ṣún un ná. Wọ́n ní kí a fún ìgbànú wa. Òyìnbó ni ó ni òwe yẹn. Ẹni tí ó ń sè oúnjẹ nílé wa kì í di ìgbànú, ọ̀já ni ó ń gbà. Ọdún 1984 bá wa lórí ìlà, níbi tí a ti ń dúró de mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ìfọṣọ. Nígbà tí Sáàpù dé ní ọdún 1986, dọ́là kan tí ó ń lọ fún nǹkan bí náírà kan ààbọ̀ kọjá náírà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1987 ìjọba fi òfin de àlìkámà láti òkèèrè, búrẹ́dì sì di oúnjẹ ọlọ́lá. Ohun tí a gé nínú ilé nígbà náà ní ètò tí a kò kọ síbì kan, tí gbogbo ilé sì mọ̀. Ẹran di pọ̀nmọ́. Ẹja ńlá di ṣawá. Aṣọ tuntun di òkìríkà, mọ́tò tuntun di tòkunbọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìyá yóò sọ pé ebi kò pa òun. Gbólóhùn yìí kò sí nínú ètò ìṣúná ìjọba kankan, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn ró.

Ohun tí ó padà dé láàárín ìyà yẹn ni ẹlẹ́kọ. Obìnrin tí ó ní ìwé ẹ̀rí, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbé àga síwájú ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì àti ẹ̀wà sísè. Àwọn aládùúgbò tí kẹrosíìnì ti wọ́n jù fún sì ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná kan tún ń jó fún ilé púpọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 kọjá ₦480. Owó ọkọ̀ gòkè, owó ata tẹ̀ lé e, nítorí pé ata náà ń wọ ọkọ̀. Ó di oṣù keje ọdún 2024 kí owó oṣù tí ó kéré jù tó kúrò ní ₦30,000 di ₦70,000. Àwọn ọlọ́jà kan kò fi kún iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan mọ́. Ìdí kóńgò ni wọ́n tẹ̀ wọ inú. Èènì tí ó ti bá wa láti ayé àwọn ìyá ìyá wa ni ó kọ́kọ́ lọ.

Ní àdúgbò tí mo ń gbé, àwọn obìnrin mẹ́jọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá èésú ní ọdún yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni wọ́n ń kó. Ní ọjọ́ Sátidé tí oṣù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àwọn méjì nínú wọn yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà, wọn yóò ra àpò ìrẹsì, àpò ẹ̀wà àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa ní iye tí àwọn alágbàtà ń rà á, wọn yóò wá pín in ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Tíṣà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, aránṣọ wà nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó ráyè lọ sí ọjà náà lóṣooṣù. Kóńgò tiwọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan yóò dojú rẹ̀ dé, kí gbogbo wọn lè rí ìdí rẹ̀.